Pupa méjì tó jọra fún ògiri pálọ̀: RAL 3004 àbí RAL 3011?

Onílé Oníkólóbó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di ìjà láàárín èmi àti ìyàwó mi.

A fẹ́ kun pálọ̀ wa ní Oníkólóbó níbí. Ògiri mẹ́ta máa jẹ́ kíríìmù. Èyí tí tẹlifíṣọ̀n wà lára rẹ̀ nìkan la fẹ́ kó pọ́n, pupa tó ki, tó dúdú díẹ̀. Ibi tí ohùn wa ṣọ̀kan dé nìyẹn. Ẹni tó ń bá wa po ọ̀dà gbé ìwé àwọ̀ RAL jáde, èyí tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú, ìyàwó mi fọwọ́ lé 3004, èmi fọwọ́ lé 3011. Ká sọ òótọ́, bí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ò ní mọ èyí tó yàtọ̀ nínú wọn. Ìyá mi wà níbẹ̀, wọ́n wo ìwé náà títí, wọ́n ní, "Ṣebí pupa ni méjèèjì?" Àmọ́ tí mo bá gbé wọn sún mọ́ra, ti ìyàwó mi ń fà sọ́dọ̀ elésè àlùkò, tèmi ń fà sọ́dọ̀ ilẹ̀.

Ògiri yẹn fẹ̀ ní mítà mẹ́rin ààbọ̀, ó ga ní mítà mẹ́ta. Fèrèsé ńlá kan ló wà, ìwọ̀-oòrùn ló kọjú sí. Táìsì ilẹ̀ kíríìmù ni, àga wa sì jẹ́ àwọ̀ kọfí. Alẹ́ la máa ń jókòó síbẹ̀ jù, nígbà tí gbogbo wa bá ti ibi iṣẹ́ dé. Èwo ni ká kùn? Kí ló tiẹ̀ fa ìyàtọ̀ wọn?

Abẹ́ Olúmọ

Èyí tí ìyàwó fẹ́. Ìbéèrè ti tán.

Ọ̀gá Bírọ́ọ̀ṣì, Láfẹ́nwá

Ẹ kú ìnáwó, ọ̀gá mi. Ẹ má dá Abẹ́ Olúmọ lóhùn, kò tíì fi owó ara rẹ̀ ra ọ̀dà rí.

Nọ́ńbà RAL yẹn, ilẹ̀ Jámánì ló ti wá. Ọdún 1927 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ 40 péré, kí ẹni tó ń ra ọ̀dà àti ẹni tó ń tà á lè máa dárúkọ ohun kan náà láìjẹ́ pé wọ́n ń fi pátákó tí wọ́n kùn ránṣẹ́ síra wọn. Àwọ̀ tó wà níbẹ̀ ti lé ní 200 báyìí. Èyí tó bá ti fi 3 bẹ̀rẹ̀, pupa ni. Àwọn Jámánì ń pe 3004 ní Purpurrot, pupa tó ní elésè àlùkò nínú. Wọ́n ń pe 3011 ní Braunrot, pupa tó ní búráùn nínú. Nítorí náà ojú yín kò tàn yín jẹ.

Níbi pípò gan-an ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ohun tó máa ń pọ̀ jù nínú irú 3011 ni rẹ́ẹ̀dì ọ́ksáìdì, ìpata irin, ohun kan náà tó sọ ilẹ̀ wa di pupa. Ó máa ń bo ògiri dáadáa, oòrùn kì í tètè mú un ṣá, símẹ́ǹtì kì í bá a jà. Pupa tó mọ́, tó ń fà sọ́dọ̀ elésè àlùkò bíi 3004, èròjà mìíràn ló ń gbà, irú èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ ó kun kóòtù kan, ẹ ó máa rí ògiri lábẹ́ rẹ̀ bí ìgbà téèyàn wọ aṣọ léèsì láìsí ṣẹ́mísì. Ẹ wá rántí pé béèsì, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi ń po pupa tó ki, kì í fi bẹ́ẹ̀ ní èròjà funfun nínú, torí funfun yẹn ni ì bá sọ ọ́ di píǹkì. Èròjà funfun yẹn kan náà ló sì ń bo ògiri. Ẹ rí i báyìí pé pupa tó ki kì í rọrùn.

Ohun tí mo máa ń ṣe: kí n tó fi pupa kan ògiri, mo á kọ́kọ́ fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú kun ún. Funfun kọ́ o, eérú. Pupa á tètè jókòó lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni 3011 á ṣe parí ní kóòtù méjì, tí 3004 á gba mẹ́ta. Láìsí eérú, mo ti kun irú pupa bẹ́ẹ̀ ní kóòtù márùn-ún rí, onílé ń wò mí bíi pé mo ń jí ọ̀dà rẹ̀.

Tó bá kan owó: mítà 4.5 ní ọ̀nà 3, ó jẹ́ 13.5. Lítà kan á bo nǹkan bíi mítà mẹ́wàá níbùú lóròó lórí ògiri tó dán. Kóòtù mẹ́ta fẹ́ jẹ́ mítà 40 ó lé, gálọ̀nù lítà mẹ́rin kan kò ní tó yín. Ẹ ra méjì, kí ẹ da méjèèjì pọ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan, kí ẹ ro ó pọ̀ kí bírọ́ọ̀ṣì tó kàn án.

Ọmọ Ìjẹmọ̀

Ẹ gbọ́ èyí tí ọ̀gá sọ kẹ́yìn yẹn, ẹ fi etí méjèèjì gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi ra gálọ̀nù kan, ó kù díẹ̀ kó parí, mo pa dà lọ ra ìkejì lọ́wọ́ ẹni kan náà, nọ́ńbà kan náà. Nígbà tó gbẹ, ìlà kan là á láàárín bí ilà ojú. Mo pa dà lọ bá ẹni tó tà á, ó ní ojú mi ni. Títí di òní, kọ́bọ́ọ̀dù ni mo gbé dí i.

Èkejì: ògiri pupa ń jẹ ìmọ́lẹ̀. Nígbà tó ṣì funfun, gílóòbù kan ń tó mi. Bí mo ṣe kun ún tán, bí ẹni wà nínú ihò. Tí wọ́n bá mú iná lọ, àtùpà alágbára kan kì í tàn dé ibi oúnjẹ.

Aláró Ìtòkú

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ìwé Jámánì, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta aṣọ ní Ìtòkú, àwọ̀ ni iṣẹ́ mi. Mo wo àwòrán méjèèjì lórí fóònù, fóònù ń purọ́ o, àmọ́ mo rí ohun tí wọ́n jẹ́.

Ìyẹn 3004, àlàárì ni. Ìyẹn 3011, osùn ni.

Ìyà tó ń jẹ yín ni pé "pupa" lẹ̀ ń pe méjèèjì. Pupa ti Yorùbá gbòòrò jù. Epo pupa ni, ilẹ̀ pupa ni, ọmọ tó mọ́ lára pupa ni, ata pupa ni. Àmọ́ tí ẹ bá ní kí n mú àlàárì wá, mi ò ní gbé ohun tó jọ ilẹ̀ fún yín. Òwú sẹ́dà tí wọ́n fi ń hun àlàárì láyé àtijọ́, òkè òkun ló ti ń wá, àwọn oníṣòwò ràkúnmí ló ń gbé e gba inú aṣálẹ̀ kọjá, ó sì máa ń ní àwọ̀ kan tó fẹ́ jọ èsè àlùkò lábẹ́ pupa rẹ̀. Osùn ní tiẹ̀, inú igi la ti ń lọ̀ ọ́. Ẹ fi kan ara ọmọ tuntun, kò sí elésè àlùkò níbẹ̀ rárá. Ara igi ni, ara ilẹ̀ ni. Ẹ lọ ronú lórí èyí tí ẹ fẹ́ máa jókòó tì.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Oníbàárà mi tó bá gbọ́n kì í sanwó nínú ṣọ́ọ̀bù. Á ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ n gbé e síta wò." Aṣọ tó dúdú kirikiri lábẹ́ iná, ẹ gbé e dé ìta, ẹ rí i pé búlúù ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dà náà. Ẹ má yan án nínú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tà á.

Onílé Oníkólóbó

Mà, ẹ ṣé gan-an. Àlàárì àti osùn! Mo ka á sókè fún ìyá mi, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, wọ́n ti sọ èdè tí mo gbọ́." Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé ta ló ń fi osùn kun ògiri.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí mo fi fẹ́ osùn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, a máa ń gun Olúmọ, ohun tí mo sì fẹ́ràn jù lókè yẹn ni kí n máa wo òrùlé ìsàlẹ̀, páànù tó ti dípata láti ilé dé ilé títí dé ibi tí ojú mi lè ríran mọ. Àwọ̀ yẹn ni Abẹ́òkúta lójú tèmi. Mo rí 3011 nínú ìwé, ọkàn mi ní, "Òun nìyí."

Abẹ́ Olúmọ

Ọ̀gá fẹ́ san owó ọ̀dà láti kun ìpata sínú pálọ̀. Páànù ilé wa ní Ìkìjà wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ wá gbé e.

Ìyàwó Onílé

Èmi ni ìyàwó tí wọ́n ń sọ. Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín.

Ọkọ mi ò sọ fún yín pé àga wa dúdú, ó sì wúwo. Àga kọfí, ògiri búráùn, ilẹ̀kùn pákó. Ṣé inú ìkòkò la ó máa gbé ni? Ó kéré tán, àlàárì máa ń tàn díẹ̀. Ẹ gbọ́, ta ló sọ pé sányán ni baba aṣọ, àlàárì ni baba ẹ̀wù? Èmi kọ́. Àwọn àgbà ni.

Alágbàtà Ilé

Ẹ má bínú o, ṣé kò ní dà bí ojúbọ Ṣàngó báyìí? Bí mo bá fẹ́ fi ilé han ayálégbé, ògiri pupa ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi mí pé ṣé wọ́n lè kun ún pa dà.

Ìyàwó Onílé

Ilé wa ni, a ò fi háyà. Ṣàngó tó bá fẹ́ wá kí wa, kó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

Iná Sólà

Mo ń bá àwọn èèyàn so iná. Kò sẹ́ni tó tíì bi ọ̀gá pé irú gílóòbù wo ló wà nínú pálọ̀, bẹ́ẹ̀ alẹ́ ni wọ́n ní àwọn ń lò ó jù.

Ẹ wo ara páálí gílóòbù yín. Tó bá kọ 6500K, iná funfun tó ní búlúù nínú nìyẹn, òun ló sì pọ̀ jù nínú ilé wa torí pé àwọn èèyàn gbà pé òun ló mọ́lẹ̀. Tó bá kọ 3000K, iná tó pọ́n bí ti fìtílà nìyẹn. Lábẹ́ 6500K, pupa tó ní búráùn máa ń kú, pupa tó ní elésè àlùkò á túbọ̀ máa fà sọ́dọ̀ búlúù. Lábẹ́ 3000K, àwọn pupa méjèèjì á jí.

Páálí náà tún máa ń kọ CRI sára. Ìyẹn ń sọ bí iná náà ṣe ń fi àwọ̀ hàn tó bí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ LED tó rọjú kì í kọjá 80, pupa tó jinlẹ̀ sì ni ohun tí wọn kì í fi hàn dáadáa. Tí ẹ bá rí 90, ẹ rà á. Ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dín ju owó kóòtù kẹrin lọ.

Onílé Oníkólóbó

6500K ni. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọ̀gá Bírọ́ọ̀ṣì, Láfẹ́nwá

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣe báyìí. Ẹ wá ègé pátákó àjà méjì, ẹsẹ̀ bàtà méjì ní ọ̀nà méjì. Ẹ ra ọ̀dà tó kéré jù tí wọ́n bá lè pò fún yín, kóòtù méjì lórí ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ má kun ún tààrà sára ògiri funfun, torí pupa tó bá wà láàárín funfun máa ń dúdú ju bó ṣe rí gan-an lọ, ó máa dẹ́rù bà yín. Ẹ gbé pátákó yẹn káàkiri, ẹ gbé e sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé e ti àga, ẹ gbé e sílẹ̀ lórí táìsì. Kí ẹ sì dúró kó gbẹ dáadáa. Ẹmọ́ṣọ̀n tútù máa ń fẹ́lẹ́ lójú, ó ń dúdú sí i bó ṣe ń gbẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bá mi jà lórí ọ̀dà tí kò tíì gbẹ.

Ẹ rò ó bóyá mátì lẹ fẹ́ àbí sátìn. Mátì á bo gbogbo àìdọ́gba ògiri mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá fi èékánná họ ọ́, ìlà funfun á jókòó síbẹ̀. Sátìn ṣeé nù, àmọ́ ó ń dán, iná tẹlifíṣọ̀n á máa hàn lára rẹ̀, gbogbo ibi tí bíríkìlà ti ṣe àṣìṣe á sì jáde.

Ọmọ Ìjẹmọ̀

Àti pé ẹ fi aṣọ funfun tó tutù nu pátákó náà wò. Tèmi, bí mo bá fi ẹ̀yìn ti ògiri, pupa á lẹ̀ mọ́ ẹ̀wù mi.

Onílé Oníkólóbó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ẹ ò gbúròó mi fún bí ọ̀sẹ̀ kan. A ti ṣe é, ohun tójú wa rí pọ̀.

Ní àárọ̀, ìmọ́lẹ̀ kì í wọlé tààrà, pátákó méjèèjì dúdú, ìyàtọ̀ wọn hàn kedere: àlàárì, osùn, bí Ìyá Ìtòkú ṣe sọ. Láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ohun tí mi ò retí ṣẹlẹ̀. Àgbàlá wa kò ní kọnkéré, ilẹ̀ pupa ni. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ bọ́ sórí ilẹ̀ yẹn, ilẹ̀ náà ta pupa rẹ̀ wọ inú pálọ̀ gba ojú fèrèsé, 3004 sì di osùn! Fún bíi wákàtí kan, ìyàwó mi ò mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ó ní mo ti pààrọ̀ wọn.

Ní alẹ́, lábẹ́ gílóòbù tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, 3011 di àwọ̀ àmàlà. Mi ò fi ṣe ẹ̀fẹ̀. 3004 náà dà bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ jù. Mo jáde lọ ra 3000K méjì, mo yí wọn wọlé, àfi bíi pé ẹnì kan tú epo gbígbóná sára 3011, ó ń tàn. 3004 di àlàárì aláṣọ òkè pátápátá.

Wàyí o, ibi tí ìjà ti tún bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìyàwó mi gbé 3004 lé orí táìsì, ó wò ó, ó ní táìsì òun ti di eyín arúgbó. Lóòótọ́ ni: bí elésè àlùkò ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíríìmù yẹn, ńṣe ni kíríìmù ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ohun tí kò mọ́. Ẹ gbé 3011 síbẹ̀, táìsì mọ́. Ó ní òun ti yí pa dà, osùn lòun fẹ́. Èmi náà sì ti gbé 3011 ti àga, mo rí i pé òótọ́ ni ìyàwó mi ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, àga ti sọnù sínú ògiri, tìmùtìmù nìkan ló kù lójú afẹ́fẹ́. Mo ní àlàárì lèmi náà fẹ́ báyìí.

Ẹ gbà wá.

Abẹ́ Olúmọ

Mo ti sọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ kìíní. Èyí tí ìyàwó fẹ́.

Aláró Ìtòkú

Ẹ̀rín pa mí débi pé oníbàárà ń bi mí pé kí ló dé.

Ẹ gbọ́, ọmọ mi. Bí èèyàn bá mú ìró wá sọ́dọ̀ mi pé kí n bá òun wá gèlè tó bá a mu, ìró ni mo máa ń wò, torí ó ti ra ìyẹn, kò ní lọ dá a pa dà. Kí ni ẹ ò lè dá pa dà nínú pálọ̀ yín? Táìsì. Símẹ́ǹtì ló mú un. Àga, ẹ lè rán ẹ̀wù fún un. Ẹ fi osùn sí ògiri kí táìsì lè mọ́, kí ẹ wá wá ohun tó máa yọ àga jáde lára ògiri. Búlúù ló ń yọ nǹkan jáde lára pupa ilẹ̀, ẹ wo àdìrẹ ẹlẹ́lùú lọ́rùn ẹni tó dúró níwájú ilé alámọ̀, ẹ ó rí i.

Mi ò polówó o. Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù mi ń ṣí láago mẹ́sàn-án.

Ìyàwó Onílé

Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú èyí tí kò ní ṣí àwọ̀ sílẹ̀, torí àwọn ọmọ.

Aláró Ìtòkú

Mo á ti fi omi ṣàn án dáadáa kí ẹ tó dé. Àmọ́ ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ fún ìgbà méjì àkọ́kọ́, mi ò ní purọ́ fún yín.

Onílé Oníkólóbó

A ti kùn ún. Eérú kan, 3011 méjì, mátì. Ọ̀gá Bírọ́ọ̀ṣì fúnra wọn ló wá láti Láfẹ́nwá, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n da gálọ̀nù méjèèjì pọ̀, kò sí ilà ojú. Gílóòbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti di 3000K. Tìmùtìmù mẹ́fà aláró wà lórí àga, àga ti pa dà sílé.

Mo pe ìyá mi wọlé lálẹ́ àná, iná wà, mo ní kí wọ́n wò ó. Wọ́n dúró, wọ́n wò ó láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé omi wá.

Ọ̀gá Bírọ́ọ̀ṣì, Láfẹ́nwá

Èyí tó ṣẹ́kù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ dà á sínú gálọ̀nù, ẹ dé e pinpin, kí ẹ fi máákà kọ nọ́ńbà àti ọjọ́ tí a pò ó sórí ìdérí. Mo rí i pé ọmọ yín kékeré ti di kíríyọ́ọ̀nù mú kí n tó kúrò níbẹ̀.